Ẹ̀dọ̀fóró Òsì Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

Dókítà Atọpinpin fún jẹ́ẹ̀lì sórí ọwọ́ ẹ̀rọ sikáànì rẹ̀, ó fi í lé àyà Bàbá Onírọ̀rí lápá òsì, láàárín egungun ìhà méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀dọ̀fóró. Kò yára, kò sì lọ́ra. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń bá bàbá mí ń ké bí ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dókítà wọ́ọ̀dù ti di abẹ́rẹ́ gbọọrọ kan mú, ó sì ti ṣí ìdérí rẹ̀.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n gún un. Afẹ́fẹ́ ti bọ́ sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ìhà. Apá òsì ò gbéra mọ́ rárá, ọ́síjìn sì ń lọ sílẹ̀."

"Mo ń wò ó."

"Kò sáyè à ń wò ó mọ́, mà."

"Jẹ́ kí n mí díẹ̀ ná. Èmi ni mo ní kí n mí o, kì í ṣe bàbá."

Èmi dúró nísàlẹ̀ ibùsùn pẹ̀lú sukurudíráfà lọ́wọ́, nítorí èmi ni mò ń tún àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn náà ṣe, ẹ̀rọ tèmi ló sì ń pariwo. Ẹlẹ́rọ ni gbogbo wọn ń pè mí. Ní ti dókítà obìnrin yìí, ó ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́ láti ọjọ́ tó ti tú àṣírí ẹni tó ń jẹ ẹran inú abọ́ Mẹ́tírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, nínú fìríìjì. Mẹ́tírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ni. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń gbàgbé.

Mo yọjú wo àwòrán tó wà lójú ẹ̀rọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn gan-an. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń pariwo sínú kànga tó sì ń tẹ́tí sí ohùn tó padà wá lọ. Ó kàn jẹ́ pé ohùn tirẹ̀ ga kọjá ohun tí etí èèyàn lè gbọ́ ni. Atẹ́gùn kì í jẹ́ kí ohùn náà kọjá, nítorí náà a kì í rí inú ẹ̀dọ̀fóró tó dá ṣáká. Awọ ara rẹ̀ nìkan là ń rí, ìlà funfun kan lábẹ́ ìhà, tó ń yọ̀ lọ, tó ń yọ̀ bọ̀ bí èèyàn ṣe ń mí, tó sì ń dán wínrinwínrin bí etí odò tí oòrùn ń ràn sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìlà náà dúró. Kò lọ, kò bọ̀.

"Ẹ ò rí i?" ni dókítà wọ́ọ̀dù wí. Ó ti sún abẹ́rẹ́ mọ́ ara bàbá.

"Dúró!" Dókítà Atọpinpin fi ìka kan ojú ẹ̀rọ. "Wò ó dáadáa. Òótọ́ ni pé kò yọ̀. Àmọ́ ṣé o rí i bó ṣe ń ta pọ́n, pọ́n, pọ́n? Ọkàn bàbá ló ń tì í. Bí afẹ́fẹ́ bá wà láàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ìhà, ibo ni títa ọkàn máa gbà dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹ̀dọ̀fóró yìí lẹ̀ mọ́ ìhà rẹ̀ típẹ́típẹ́. Kò sá lọ síbì kankan. Atẹ́gùn ni ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbé abẹ́rẹ́ yẹn kalẹ̀, àbúrò mi. Ẹ̀dọ̀fóró tó jókòó sáàyè ara rẹ̀ lo fẹ́ gún yẹn."

Dókítà wọ́ọ̀dù gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀.

Mẹ́tírọ́ọ̀nù ti tẹ orí ibùsùn tó gbé sókè wálẹ̀ ní tirẹ̀. Ó gbé orí bàbá gún régé, ó ki rọ́bà tín-ín-rín sínú páìpù ọ̀fun rẹ̀ láti fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó bá dí i. Díẹ̀ báyìí ló jáde, kò tó ohun tó lè dí ihò abẹ́rẹ́. Síbẹ̀, kó tó fa rọ́bà yọ tán, ìlà funfun náà mira. Ó kọ́kọ́ fà bí ẹni tó ń tijú, lẹ́yìn náà ló wá ń yọ̀ lọ, ó ń yọ̀ bọ̀. Ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹ̀rọ mi dákẹ́.

"Kí ni mo ṣe?" ni Mẹ́tírọ́ọ̀nù bi wá. "Mi ò tíì ṣe nǹkan kan."

"Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn," ni Dókítà Atọpinpin fèsì.

Ìgbà yẹn la gbọ́ ẹkún. Ìyàwó bàbá dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó fi apá méjèèjì gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Àbúrò bàbá dúró tì í, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fò sókè, ó ń nàka sí i.

"Ìgbà kẹta rèé! Ìgbà kẹta tí ẹ̀gbọ́n mi máa dákú lọ́wọ́ rẹ̀! Mo rí i lónìí o. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i. Ó fa nǹkan kan yọ lẹ́yìn orí ẹ̀gbọ́n mi!"

*

Ọ́fíìsì Mẹ́tírọ́ọ̀nù ni ọ̀gá ọlọ́pàá jókòó sí. Láti ìgbà kejì ni àbúrò bàbá ti lọ fẹjọ́ sùn, àmọ́ ọlọ́pàá ò dá a lóhùn. Ní báyìí tó ti di ìgbà kẹta, ọ̀gá náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọkùnrin tó sanra díẹ̀ ni, ọrùn rẹ̀ sì le débi pé gbogbo ara ló fi ń yí bó bá fẹ́ wo ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro lójú tirẹ̀. Òtútù àyà ló gbé Bàbá Onírọ̀rí dé ilé ìwòsàn. Ó le débi tí wọ́n fi ki páìpù sí i lọ́fun, tí wọ́n fún un ní oògùn oorun, tí ẹ̀rọ sì ń bá a mí. Ara rẹ̀ ń yá bọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹbí wọlé wò ó ni wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Mo máa mú ìyá yìí lọ sí tésàn," ni ọ̀gá ọlọ́pàá wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò níbẹ̀."

Ìyá náà ò bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀. Dókítà Atọpinpin ló kọjú sí.

"Ẹ gbọ́, dókítà, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ máa dín oògùn oorun kù lọ́la kó lè jí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí àyà rẹ̀ bá gbà wá láyè."

"Kò jí lójọ́ kan rí kó má rí mi látìgbà tá a ti fẹ́ra. Tó bá lajú tó rí ilé funfun àti ẹ̀rọ, tí kò rí mi, ẹ̀rù máa bà á. Ọkùnrin yẹn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ o, àmọ́ ojo ni." Ó nu ojú rẹ̀. "Lẹ́yìn tó bá ti rí mi, kí wọ́n gbé mi lọ síbi tó bá wù wọ́n."

Dókítà Atọpinpin wo ojú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló fa àga kan, ó jókòó.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́sàn-án yìí. Tí mi ò bá rí i tú, ẹ máa mú wọn lọ, èmi fúnra mi á gbé báàgì wọn dé inú ọkọ̀."

Ọ̀gá ọlọ́pàá fi gbogbo ara yí sí i. "Lọ́sàn-án yìí nìkan."

*

Àbúrò bàbá ni Dókítà Atọpinpin kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè.

"Kí lẹ rí gan-an?"

"Mo ṣí kọ́tìnnì nígbà tí ẹ̀rọ ké. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn orí ẹ̀gbọ́n mi. Ó fà á yọ, fìrí!"

"Kí ló fà yọ?"

"Páìpù ẹ̀rọ ni, kí ló tún kù? Ó yọ ọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi má lè mí, ó wá yára dá a padà nígbà tó rí mi."

"Ẹ rí páìpù náà lọ́wọ́ wọn?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni mo rí." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Dókítà, ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Ó rán ìrọ̀rí fi rán mi nílé ìwé. Èmi ò lè fojú fo nǹkan tó bá kàn án."

Dókítà yíjú sí mi. "Ẹlẹ́rọ, bí ẹnì kan bá yọ páìpù lára ẹ̀rọ rẹ, kí ni ẹ̀rọ máa ṣe?"

"Á ké."

"Ó ké lónìí."

"Ó ké lóòótọ́, mà, àmọ́ igbe yàtọ̀ sí igbe." Inú mi dùn pé ẹnì kan bi mí. "Tí páìpù bá yọ, afẹ́fẹ́ ń tú dànù nìyẹn. Agbára tí ẹ̀rọ fi ń tì í á já wálẹ̀, á máa ké pé òun ò rí ẹni tí òun ń fún. Ti òní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára náà ń gòkè ni. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú fèrè méjì, tẹ́nì kan wá fọwọ́ dí ìkan. Ó ń ké pé ibi tí òun ń fẹ́ ẹ sí ti há jù. Mo sì ti so rọ́bà tá a fi ń dán ẹ̀rọ wò mọ́ ọn. Kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Ẹ gbọ́ yẹn," ni dókítà sọ fún àbúrò bàbá. "Kò sẹ́ni tó yọ páìpù."

"Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni nígbà náà," ni dókítà wọ́ọ̀dù wí. "Ó dí ọ̀nà apá òsì."

"Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ dà? Mẹ́tírọ́ọ̀nù fà á, kò rí nǹkan kan fà."

"Àbí páìpù ló rìn wọ inú jù? Bó bá wọ apá ọ̀tún, apá ọ̀tún nìkan láá máa rí atẹ́gùn."

Mẹ́tírọ́ọ̀nù fò dìde. "Rárá o! Kò sẹ́ni tó máa sọ ìyẹn níbi tí mo wà. Nọ́ńbà wà lára páìpù yẹn, bíi ti rúlà. Nọ́ńbà tó wà létè bàbá lọ́jọ́ tá a tì í bọ̀ ọ́ lọ́fun náà ló wà níbẹ̀ lónìí. Èmi ni mo so ó. Ohun tí mo bá so, ó so nìyẹn."

"Mo gbà," ni Dókítà Atọpinpin wí. Ó ń wo òkè àjà bí ẹni tó ń ka nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀. "Páìpù ò kúrò létè."

Ó wá yí sí ìyàwó bàbá. Ohùn tó fi bá a sọ̀rọ̀ yàtọ̀, ó rẹlẹ̀.

"Mà, kí lẹ fà yọ?"

"Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ wọn."

"Mo mọ̀. Kí lẹ fà yọ lẹ́yìn orí wọn?"

Ìyá tún gbá báàgì mọ́ra.

Ọ̀gá ọlọ́pàá na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá, mà."

Ó gbà á, ó ṣí i. Gbogbo wa na ọrùn, àfi òun tí ọrùn rẹ̀ ò ṣeé nà. Ó fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde: ìrọ̀rí kan. Ó kéré, ó le, ó kún fún òwú bámúbámú, wọ́n sì fi okùn búlúù rán etí rẹ̀ yí po.

"Há!" Ọ̀gá ọlọ́pàá dìde dúró. "Ẹ wo nǹkan! Ìrọ̀rí! Ó ń gbé ìrọ̀rí lé ọkùnrin yẹn lójú kó lè sé e léèémí!"

Àbúrò bàbá fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá kàn ń wo ìrọ̀rí náà lọ́wọ́ ọlọ́pàá bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò.

"Ọ̀gá," ni Dókítà Atọpinpin wí, "ẹ jọ̀ọ́, níbo ni Bàbá Onírọ̀rí ń gbà mí?"

"Imú. Ẹnu."

"Páìpù inú ọ̀fun ló ń gbà mí. Imú rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹwà lásán ni báyìí. Ẹ kó gbogbo ìrọ̀rí ilé ìwòsàn yìí lé e lójú, ẹ̀rọ Ẹlẹ́rọ á ṣì máa fún un ní atẹ́gùn. Ẹni tó bá fẹ́ pa á kò ní í fi ìrọ̀rí ṣe é."

Ọ̀gá ọlọ́pàá rọra jókòó. "Kí ló wá ń fi ìrọ̀rí ṣe?"

"Ohun tí gbogbo èèyàn ń fi ìrọ̀rí ṣe ni." Dókítà gba ìrọ̀rí náà, ó gbé e sórí itan ìyá. "Àbí irọ́ ni mo pa, mà?"

Ìyá bú sẹ́kún.

"Wọ́n tẹ́ ẹ kalẹ̀ bí pákó," ló wí. "Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ rán ìrọ̀rí fún àwọn ẹlòmíì! Kò sùn láìsí ìrọ̀rí rí. Fún ara rẹ̀, ó máa ń ki òwú méjì sínú ọ̀kan. Mo máa ń bá a jà pé ọrùn rẹ á ká, á ní ẹni tó bá ń ta ìrọ̀rí tí orí rẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n á ní ọjà rẹ̀ ò dáa. Mẹ́tírọ́ọ̀nù ní a ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan ilé wọlé nítorí ìdọ̀tí. Mo fọ aṣọ rẹ̀, mo lọ̀ ọ́, mo fi pamọ́ sínú báàgì. Tí mo bá ti fa kọ́tìnnì, mo máa ń fi sábẹ́ orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ máa ń rọ̀, dókítà. Ó máa ń dà bí ara rẹ̀."

"Tí ẹ̀rọ bá wá ké?"

"Mo máa ń yára fà á yọ kí wọ́n má baà lé mi jáde."

"Ìgbà wo ló máa ń ké?"

"Nígbà tí mo bá ti ń múra àtilọ." Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Mo rò pé ó mọ̀ pé mo fẹ́ máa lọ ni. Mo rò pé ó ń bẹ̀ mí ni."

Mẹ́tírọ́ọ̀nù, tó ń bínú tẹ́lẹ̀ pé wọ́n gbé ẹrù wọ wọ́ọ̀dù òun, bẹ̀rẹ̀ sí í wá áńkáṣíìfù nínú àpò rẹ̀.

*

"Ẹlẹ́rọ," ni Dókítà Atọpinpin wí, "wá rọ́bà kan àti páìpù tó là sí méjì."

Mo sáré lọ sí yàrá mi. Ohun tí mo mú bọ̀ ni páìpù omi tó pín sí ẹ̀ka méjì lápá ìsàlẹ̀, àti rọ́bà tín-ín-rín kan. Mo ki rọ́bà náà sínú páìpù, ó kù díẹ̀ kó dé oríta.

"Báyìí ni inú àyà rí," ni dókítà sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá. "Ọ̀nà atẹ́gùn ń bọ̀ láti ọ̀fun, ó dé oríta, ó pín sọ́tùn-ún àti sósì. Tọ̀tún gún ju tòsì lọ, ó sì fẹ̀ jù ú lọ. Ohunkóhun tó bá lọ sísàlẹ̀ jù, ọ̀tún ló ń wọ̀. Ẹ́síréè, fọ́tò inú àyà bàbá, fi hàn pé ìdí páìpù rẹ̀ sún mọ́ oríta díẹ̀, àmọ́ kò tíì wọ ibì kankan. Wọ́n tẹ́ ẹ gbalaja nígbà tí wọ́n yà á. Ṣé ẹ ń bá mi bọ̀?"

"Mo ń bọ̀."

"Mẹ́tírọ́ọ̀nù so páìpù mọ́ ètè. Òótọ́ ni pé nọ́ńbà ò kúrò létè. Àmọ́ ètè náà ńkọ́? Ṣé ètè ò lè kúrò níbi tó wà ni? Ọ̀gá, ẹ tẹ àgbọ̀n yín mọ́ àyà."

Ọ̀gá ọlọ́pàá gbìyànjú. "Ọrùn mi ò gbà."

"Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn?"

"Méjì."

"A máa padà sórí ìyẹn. Ẹlẹ́rọ, ìwọ ṣe é."

Mo fi ìka méjì di orí rọ́bà mú gẹ́gẹ́ bí ètè, mo sì gbé e sún mọ́ ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ orí ba. Ìka mi ò yọ̀ lórí rọ́bà rárá. Síbẹ̀, ìdí rọ́bà rìn wọ ẹ̀ka ọ̀tún, ó sì fi ẹ̀ka òsì sílẹ̀ lófìfo.

Dókítà wọ́ọ̀dù mí kanlẹ̀. Mẹ́tírọ́ọ̀nù ní, "Orí! Mo gbé orí rẹ̀ gún kí n tó fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀! Ohun tí mo ṣe nìyẹn!"

"Ohun tẹ́ ẹ ṣe nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìrọ̀rí yìí ń tẹ orí ba, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìgbà tí ìyá bá ń múra àtilọ ni ẹ̀rọ ń ké. Ìyá fa ìrọ̀rí yọ, àmọ́ ibùsùn ṣì gbé sókè, àgbọ̀n bàbá ṣì sùn lé àyà. Ẹ̀yin lẹ gbé e gún. Lójú mi báyìí ni ẹ̀dọ̀fóró òsì padà dé, mi ò sì wo ọwọ́ yín. Ojú ẹ̀rọ ni mò ń wò."

"Àlàyé nìyẹn," ni ọ̀gá ọlọ́pàá wí. "Ó dùn létí. Àmọ́ ẹ̀rí ni mo fẹ́."

"Ẹ dìde ká lọ."

*

Wọ́n kọ́kọ́ fún bàbá ní ọ́síjìn kíkún, kó lè ní ohun tó máa jẹ títí a ó fi ṣe tán. Mẹ́tírọ́ọ̀nù gbé orí ibùsùn sókè bó ṣe wà nígbà yẹn, dókítà sì gbé sikáànì lé apá òsì. Ìlà funfun náà ń yọ̀ lọ, ó ń yọ̀ bọ̀.

"Ẹ wá síbí, mà," ló sọ fún ìyá. "Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí wọn bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

Ìyá fà sẹ́yìn. "Kí n tún ṣe é? Ẹ̀rù ń bà mí."

"Mo wà níbí. Tí mo bá ti ní yọ ọ́, ẹ yọ ọ́."

Ó gbé orí ọkọ rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń gbé ẹyin, ó ti ìrọ̀rí bọ̀ ọ́ lábẹ́. Òótọ́ ló sọ, ojú bàbá yí padà. Ó dà bí ọkùnrin tó sùn nílé ara rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi. Díẹ̀díẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ mọ́ àyà.

Gbogbo wa ń wo ojú ẹ̀rọ. Ìlà náà yọ̀. Ó tún yọ̀. Lẹ́yìn náà, ó dúró, ó wá ń ta pọ́n, pọ́n, pọ́n.

Dókítà yára gbé sikáànì sí apá ọ̀tún. Ìlà ti ibẹ̀ ń yọ̀ dáadáa.

"Ẹ yọ ọ́, mà!"

Ìyá fa ìrọ̀rí yọ, Mẹ́tírọ́ọ̀nù gbé orí gún. Dókítà ti padà sí apá òsì. Ìlà náà mira, ó tijú díẹ̀, ó tún ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ̀rọ mi ò tiẹ̀ ráyè ké.

Ọ̀gá ọlọ́pàá bọ́ fìlà rẹ̀. Ó fi gbogbo ara yí sí ìyá. "Màmá," ló wí, "ẹ forí jì mí."

Dókítà tú okùn tí Mẹ́tírọ́ọ̀nù so, ó fa páìpù náà sókè díẹ̀, bí ìbú ìka kan, Mẹ́tírọ́ọ̀nù sì tún un so. Wọ́n tún fi ìrọ̀rí dán an wò. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlà òsì ò dúró.

"Ó lè lo ìrọ̀rí," ni Dókítà Atọpinpin wí, "bí Mẹ́tírọ́ọ̀nù bá gbà. Àmọ́ eléyìí ga jù. Tí a bá mú ìdajì òwú inú rẹ̀ kúrò, ọkàn gbogbo wa á balẹ̀."

Mẹ́tírọ́ọ̀nù ń wo ilẹ̀. "Tí wọ́n bá ti fọ aṣọ rẹ̀, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́," ló wí, "kí ni mo tún fẹ́ sọ?"

Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi eyín já okùn búlúù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú jáde. Àbúrò bàbá rọra wá jókòó tì í, ó ń gba òwú náà sínú ọ̀rá kan.

"Ìyàwó wa," ló wí, "ojú ń tì mí."

"Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kó tì yín, Bàbá kékeré. Ẹ̀gbọ́n yín lẹ̀ ń ṣọ́." Ó gbọn òwú tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Àmọ́ ẹ mọ̀ pé mo máa sọ fún un. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa sọ. Títí kan ibi tẹ́ ẹ ti ń fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀.

*

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó dín oògùn oorun kù, Dókítà Atọpinpin fi sikáànì yí àyà bàbá ká, iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Ó pe ìyá sún mọ́ ọn.

"Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé, omi ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró yìí. Tómi bá wà níbẹ̀, ẹ máa rí àwọn ìlà funfun tó ń já wálẹ̀ bí òjò. Ẹ wò ó báyìí. Ṣé ẹ rí òjò kankan?"

"Ó dá," ni ìyá wí. "Òjò ti dá."

Dókítà gbé sikáànì wá sísàlẹ̀ ìhà, níbi tí iṣan ńlá tí a fi ń mí wà. Iṣan náà ń rọ̀ wálẹ̀, ó ń gòkè padà, lágbára, láìdúró de ẹ̀rọ mi. Ó wò mí. Mo dín ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ kù gẹ́gẹ́ bó ṣe ní kí n ṣe. Bàbá ń mí lọ. Mo tún dín in kù. Bàbá ò tiẹ̀ mọ̀.

Nígbà tó lajú, ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ó jókòó sórí àga tí Mẹ́tírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ gbé wá, ó ti tún gèlè rẹ̀ wé dáadáa. Ojú bàbá lọ sí ẹ̀rọ, ẹ̀rù bà á lóòótọ́, ó tún padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

"Èmi rèé," ni ìyá wí. "Mi ò lọ síbì kankan."

Wọ́n fa páìpù yọ. Ó wúkọ́, ó wúkọ́ títí. Dókítà fi sikáànì wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ìlà méjèèjì ń yọ̀. Nígbà tí ikọ́ rọlẹ̀, bàbá fi ọwọ́ tí ò tíì lágbára wá ẹ̀yìn orí rẹ̀, ó tẹ ìrọ̀rí náà, ó tún un tẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ ká jọ. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

"Ta," ló wí, ohùn rẹ̀ ń há, "ta ló jí òwú inú ìrọ̀rí mi?"

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jáde.

Bàbá ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Òwú tí wọ́n fà yọ lọ́jọ́ náà ò ṣòfò. Ó fi rán ìrọ̀rí kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó fi okùn búlúù rán etí rẹ̀ yí po, ìyàwó rẹ̀ sì gbé e wá fún Dókítà Atọpinpin nínú báàgì yẹn kan náà. Lọ́sàn-án àná, ẹ̀rọ kan tún ké ní wọ́ọ̀dù. Dókítà fún jẹ́ẹ̀lì sórí sikáànì, ó gbé ìrọ̀rí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, ó sinmi ìgúnpá lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀dọ̀fóró. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.